Agba Tí Kò Lámì

Kí ẹnikẹ́ni tó dá mi lẹ́bi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ ní kedere pé iná kọ́ ló dá wàhálà yìí sílẹ̀. Àtàǹpàkò mi ni. Àtàǹpàkò ọ̀tún mi yìí, tó máa ń tẹ fóònù kí ọpọlọ mi tó parí ọ̀rọ̀.

Amọ̀kòkò ni mí. Ọkọ mi ń jó irin, wẹ́dà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan là ń gbé: àwa ní ìsàlẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin nínú yàrá tó kọjú sí tiwa, ẹ̀gbọ́n bàbá wa obìnrin tó ni ilé sì wà lókè. Iná mànàmáná ni ẹ̀gbọ́n mi ń ṣe, nítorí náà Wáyà là ń pè é. Ẹ̀gbọ́n bàbá wa ní tirẹ̀, Àgbà ni. Kò sẹ́ni tó ń pè é ní nǹkan mìíràn.

Olùkọ́ èdè ni Àgbà kó tó fẹ̀yìn tì. Òun ló kọ́ èmi àti Wáyà ní àmì ohùn, rúlà sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó ń kọ́ wa. Nígbà tó yá, orúnkún rẹ̀ kọ àtẹ̀gùn, ló bá jókòó sókè, ó ń fi fóònù ṣe ìjọba lé wa lórí. Bí iyọ̀ bá tán lọ́dọ̀ rẹ̀, orí gúrúùpù ẹbí ló máa kọ ọ́ sí, àmì ohùn á pé pérépéré lórí rẹ̀. Ẹni tó bá dá a lóhùn láìfi àmì sí i, a jẹ́ pé òun ló máa gbé iyọ̀ náà lọ sókè, á sì gba ẹ̀kọ́ díẹ̀ kó tó sọ̀kalẹ̀.

Yàrá ńlá kan wà lẹ́yìnkùlé, tó ní ilẹ̀kùn pákó méjì, níbi tí Àgbà máa ń kó bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ ilé-ìwé sí nígbà kan. Ó ti ṣófo. Ojú mi kò kúrò lára yàrá yìí. Kíṣínì ni mo ti ń mọ ìkòkò. Amọ̀ wà nínú síńkì, amọ̀ wà lára fíríìjì, ọjọ́ kan wà tí ọkọ mi bá a nínú ṣúgà. Ó rò ó pọ̀ mọ́ tíì, ó mu ún. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé sùúrù ọkùnrin ní ibi tó máa ń parí sí.

Wáyà náà fẹ́ yàrá yìí. Ó ra ọkọ̀ àlòkù kan tí kò tíì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn láti ọjọ́ tí ọkọ̀ mìíràn ti fi okùn fà á wálé. Ni Àgbà bá ní kí olúkúlùkù wa kọ ohun tó fẹ́ fi yàrá náà ṣe sórí gúrúùpù. Mo kọ tèmi. Wáyà sì kọ tirẹ̀ báyìí:

"E kaaro ma. Mo fe yara naa fun oko mi. Oko mi ti pe ju nita. Ojo n pa a, oorun n pa a."

Mo rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn mí. Ta ló máa mọ̀ bóyá ọkọ̀ tí à ń wọ̀ ni, tàbí ọkọ́ tí à ń fi roko, tàbí ọkọ tí obìnrin ń fẹ́? Mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé kí Ọlọ́run bá a mú ọkọ rẹ̀ wọlé láyọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ẹ̀rín yìí sọ́kàn, nítorí ó ṣì ń bọ̀ wá bá mi.

Àgbà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n mú ìkòkò kan ṣoṣo wá kí oṣù tó parí, èyí tí òun lè gbé sórí tábìlì òun láìfi aṣọ bò ó. Bí mo bá rí i mú wá, mo ni yàrá. Bí mi ò bá rí i mú wá, Wáyà ló ni ín. Ó ní gbogbo ìkòkò mi ló rí bí ẹrẹ̀ tó ń bínú. Ó tún ní òun kò gbọdọ̀ rí iná igi lẹ́yìnkùlé mọ́, nítorí èyí tí mo dá kẹ́yìn fi èéfín kun gbogbo aṣọ funfun òun lórí okùn.

Inú bí mi. Mo gbá ilẹ̀kùn kíṣínì, abọ́ méjì já bọ́, tèmi sì ni méjèèjì. Ìgbà tí inú mi rọ̀ ni mo tún ọ̀rọ̀ náà rò. Iná igi ló sọ. Kò dárúkọ gáàsì.

Oríṣi sísun ìkòkò kan wà tí wọ́n ń pè ní rakú, ọ̀nà jíjìn ló ti wá. A máa fi ọ̀dà funfun tó ń yọ́ bí gíláàsì kun ìkòkò tí a ti sun lẹ́ẹ̀kan, a máa tún un sun títí á fi pọ́n bí ẹ̀yinná, a máa fi ẹ̀mú gbé e jáde ní gbígbóná bẹ́ẹ̀, a máa gbé e sínú garawa tó ní lẹ́búlẹ́bú igi nínú, a óò sì dé e pa. Ibi tí ọ̀dà náà bá ti sán ni èéfín máa wọ̀. Kò sẹ́ni tó lè sọ bó ṣe máa rí kó tó jáde. Ìléru tí wọ́n ń tà fún irú iṣẹ́ yìí wọ́n ju apá mi lọ, ṣùgbọ́n ẹni tí ojú kì í tì láti tọrọ, tó sì ní ọkọ tó ń jó irin, lè fi àgbá ṣe é nílé.

Ojútì tèmi kò pọ̀ rárá. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tún ààrò àwọn oníbúrẹ́dì ṣe ni mo ti tọrọ àjákù aṣọ funfun tí kì í jóná, tó nípọn bí bùláńkẹ́ẹ̀tì, tó sì ń yún èèyàn lára bí wèrèpè. Bíríkì ààrò wá láti ibẹ̀ náà. Káfíńtà fún mi ní lẹ́búlẹ́bú igi, ó tún dúpẹ́ pé mo bá òun gbálẹ̀. Irin wáyà tó lè fara da iná ló kù, nítorí pé a gbọ́dọ̀ fi rán aṣọ náà mọ́ ara irin. Mo bá lọ bá ẹ̀gbọ́n mi, mo ní kó fún mi ní irin wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ tó wà nínú àwọn sítóòfù iná mànàmáná tó ti bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi ṣe. Mo ní mo fẹ́ fi so nǹkan mọ́ nǹkan. Irọ́ kọ́ nìyẹn. Ó fún mi ní òdindi ìdì kan, ó sì fi ọwọ́ kan orí mi bí ẹ̀gbọ́n rere.

Àgbá ló wá kù. Mo rí i lẹ́yìn ilé ìfọṣọ kan, àgbá ọṣẹ olómi, ó ti dípẹtà létí, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ le. Wọ́n ní kí n máa gbé e lọ. Mo yí i gba gbogbo òpópónà wálé, ariwo rẹ̀ ń já àwọn ọmọ-ọwọ́ lójú oorun. Inú mi dùn débi pé mi ò lè dúró kí ọkọ mi dé. Mo yọ fóònù, mo kọ ọ́ ránṣẹ́ sí i:

"Olowo ori mi, mo ti ri agba. O ti dipeta die, sugbon o si le. Ola ni ki e ba mi ge ori re, ki e yo idi re, ki e wa lu iho si i legbee. E ma je ki Waya gbo o. To ba ti gbona daadaa, yara di temi."

Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo lọ fọ ọwọ́. Nígbà tí mo padà dé, mo rí i pé kì í ṣe ọkọ mi ni mo kọ ọ́ ránṣẹ́ sí. Orí gúrúùpù ẹbí ló wà. Gbogbo ènìyàn ti kà á.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Mo gbìyànjú láti pa á rẹ́, àtàǹpàkò yẹn tún ṣáájú mi, ni mo bá tún un fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Wáyà kọ "Haa" síbẹ̀, kò fi nǹkan mìíràn kún un. Ọkọ mi pè mí láti ibi iṣẹ́, ó fi ohùn jẹ́jẹ́ bi mí pé ta ni òun máa gé lórí. Mo ṣì ń ṣàlàyé fún un ni èsì Àgbà wọlé, kò sí àmì kan tó ṣìnà:

"Mo ti rí i. Mò ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ má tíì gé mi títí n ó fi dé."

Ọjọ́ Sátidé yẹn gan-an ni oṣù parí.

Kò sí ibi tí mo fẹ́ sá sí mọ́, nítorí náà mo kúkú kọ́ ìléru mi. Ọkọ mi fi omi ṣan àgbá náà dáadáa kó tó fi iná kàn án, síbẹ̀, nígbà tó gé e, ìfófó ọṣẹ tú jáde, ó bò ó dé ìgbáròkó. Ó dúró sínú rẹ̀, ó ní òun ti ń gé irin láti kékeré, òun kò rí èyí tó fẹ́ wẹ òun rí. A yọ ìdí àgbá, a lu ihò kan síwájú nísàlẹ̀ fún ẹnu iná gáàsì, a gé òmíràn sí orí rẹ̀ kí ooru lè jáde. Mo bo imú, mo wọ ìbọ̀wọ́, mo fi aṣọ funfun náà tẹ́ inú rẹ̀. Mo ti mọ bọ́tìnnì amọ̀, mo sun wọ́n, mo wá fi wáyà ẹ̀gbọ́n mi rán gbogbo rẹ̀ mọ́ ara irin bí ẹni ń rán kóòtù. Nígbà tí iṣẹ́ parí, kò yàtọ̀ sí ìdérí ńlá kan: a máa to bíríkì sílẹ̀, a máa gbé ìkòkò lé e, a óò sì fi ṣéènì sọ àgbá kalẹ̀ lé e lórí.

Wáyà wá wò ó. Ó rí wáyà rẹ̀ nínú rẹ̀. Ó ní kí n dá a padà. Mo ní kó tú u fúnra rẹ̀ bí ara kò bá ní yún un.

Nígbà tí ọjọ́ Sátidé pé, Àgbà sọ̀kalẹ̀. Ó pẹ́ kó tó dé ìsàlẹ̀, ó di apá Wáyà mú, ó ń sinmi lórí àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan. Ó wọ bàtà tí a kò rí lẹ́sẹ̀ rẹ̀ láti ìgbà pípẹ́. Bírò pupa wà nínú àpò rẹ̀. Ọkọ mi gbé àga fún un sẹ́nu yàrá tí à ń jà lé lórí, ó jókòó, ó wo àgbá náà láti òkè dé ilẹ̀, ó wá na fóònù rẹ̀ sí mi pé kí n ka ohun tí mo kọ fún gbogbo ilé.

Mo kà á. Nígbà tí mo dé ibi "mo ti rí àgbá", ó dá mi dúró.

"Níbo lo ti rí àmì òkè yẹn?"

Mo ní ohun tó wà lọ́kàn mi nìyẹn. Ó ní òun kò bi mí léèrè ọkàn. Ó fún mi ní ṣọ́ọ̀kì, ó ní kí n kọ ọ́ sí ara irin náà bó ṣe yẹ. Mo kọ "ÀGBÁ" gàdàgbà, bí ọmọ kíláàsì kìíní, ọkọ mi sì kọjú sí ògiri kí n má bàa rí ẹnu rẹ̀.

Ìkòkò méjì péré ni mo ní, nítorí pé ọ̀dà funfun mi kò tó fún ẹ̀kẹta. Mo gbé èkíní sábẹ́ àgbá, mo ṣí gáàsì díẹ̀díẹ̀ bó ṣe yẹ. Ká ní mo lè máa ṣe bó ṣe yẹ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi yọ téépù jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ẹnu ilẹ̀kùn yàrá náà, ó ń sọ fún ara rẹ̀ sókè pé bí wọ́n bá yọ díńgí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ òun, ó máa wọlé. Orí mi gbóná, mo bá yí gáàsì sókè. Iná dún wìììì. Kò pẹ́ tí a fi gbọ́ "pò" nínú àgbá, bí ìgbà tí èèyàn bá gbá ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹlòmíràn. A gbé àgbá sókè. Ìkòkò mi ti di àpáàdì.

Wáyà ká téépù rẹ̀, ó ní ó mà ṣe o. Ó dùn mí. Kì í ṣe díẹ̀ ló dùn mí. Mo wo Àgbà, mo rò pé ó máa dìde, ṣùgbọ́n ohun tó sọ kò ju pé kí n mú kejì wá, kí n sì jẹ́ kí ara rẹ̀ kọ́kọ́ lọ́ wọ́ọ́rọ́ kí n tó fi iná lé e. Ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ tó bá ń bẹ̀rù ṣe máa ń rí ní kíláàsì. Kí orí tèmi náà tutù, ó ní kí n jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ òun.

Mo jókòó. A fi iná kékeré sí i, ó pẹ́. Àgbà ń bi ọkọ mi léèrè nípa gbogbo nǹkan: kí nìdí tí ihò fi wà lórí, kí ni bọ́tìnnì wà fún. Ó rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ ìfófó ọṣẹ náà títí ó fi yọ gíláàsì ojú rẹ̀ nù. Mo yọjú wo ihò òkè. Ọ̀dà tó hunjọ bí iyẹ̀pẹ̀ gbígbẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́jú, lẹ́yìn náà ó ń dán bí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí. Mo ní ó ti yá.

Ọkọ mi pa gáàsì, ó fa ṣéènì, àgbá lọ sókè. Ìkòkò náà dúró lórí bíríkì, ó pọ́n, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́ gaara. Mo fi ẹ̀mú gbé e, mo gbé e sínú garawa, iná sọ lára lẹ́búlẹ́bú igi, mo dé e. Èéfín wá ibi tó máa gbà. Atẹ́gùn kò gbé e lọ sókè sọ́dọ̀ aṣọ Àgbà o. Inú ọkọ̀ Wáyà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, tí wọn kò ti fèrèsé rẹ̀, ló wọ̀ lọ tààrà, ó sì jókòó síbẹ̀. Èmi kọ́ ló rán an.

Nígbà tí ó tó, mo ṣí garawa, mo ti ìkòkò náà bọ inú omi, mo fi kànìnkànìn fọ dúdú ara rẹ̀ kúrò. Ìkòkò náà funfun. Ó ń dún tín-ín, tín-ín, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ìlà dúdú tín-ínrín sì gba gbogbo ara rẹ̀, àwọn kan fì sọ́tùn-ún, àwọn kan fì sósì. Mi ò tíì mọ ohun tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo fi aṣọ nù ún, mo gbé e lé Àgbà lẹ́sẹ̀.

Ó yí i. Ó yọ bírò pupa, ó fi ìdérí rẹ̀ ń tọ́ka sí àwọn ìlà náà níkọ̀ọ̀kan. "Àmì òkè. Àmì ìsàlẹ̀. Òkè. Ìsàlẹ̀, ìsàlẹ̀." Ó gbójú sókè wò mí. "Inú iná ni èyí ti jáde lónìí. Ó sì mọ àmì í fi sí jù ọ́ lọ."

Ó ní òun máa gbé e sórí tábìlì. Ó wá ní òun fẹ́ dájọ́ yàrá, àti pé ohun tí olúkúlùkù fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ni òun máa fi dá a. Wáyà ló kọ́kọ́ kàn. Àgbà ka "oko mi" náà jáde, ó ní òun ti rò ó: ọkùnrin yìí kò ní ọkọ nílé, òun kò sì gbọ́ pé ó dá oko. Ó ní kí ọkọ mi bá òun wo abẹ́ àtẹ̀gùn. Ọkọ mi lọ, ó gbé ọkọ́ kan jáde, èyí tí àwọn ọmọ ilé-ìwé máa ń fi ro àyíká láyé ọjọ́un.

"Gbà," ó wí fún Wáyà. "Ìṣó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá náà. Gbé e kọ́ síbẹ̀. Òjò kò ní pa á mọ́."

"Ọkọ̀ ló wà lọ́kàn mi, Àgbà."

"Ohun tó wà lọ́kàn rẹ kọ́ lo kọ."

Ẹ̀rín pa mí. Mo ti di ìhà mú, mo ń wo ọ̀dọ̀ ọkọ mi, nígbà tí mo gbọ́ tí Àgbà ní kí èmi náà dúró ná, kò tíì kan ibi ẹ̀rín. Ó gbé fóònù súnmọ́ ojú rẹ̀. Ó ní èmi náà kọ ọ́ pé mo ti rí agba, mi ò fi àmì sí i. Ẹni tó bá fi àyè àmì sílẹ̀, ẹlòmíràn máa bá a fi sí i. Ó ní àmì ìsàlẹ̀ ni òun fi sí tòun. Nígbà náà ló wá ka gbólóhùn tó tẹ̀ lé e, ó rọra kà á, bí ẹni ń ka ọ̀rọ̀ fún ọmọ tó ń kọ ọ́ sílẹ̀.

"Ó ti dípẹtà díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣì le." Ó gbé fóònù sórí itan rẹ̀. "Nínú gbogbo ohun tí o kọ, èyí nìkan ni kò ṣìnà."

Mo wo bàtà tí a kò rí lẹ́sẹ̀ rẹ̀ láti ìgbà pípẹ́ yẹn. Mo rántí iye ìgbà tí iyọ̀ ti tán lókè, mo sì wá mọ̀ pé iyọ̀ kì í tán tó bẹ́ẹ̀ nílé ẹnì kan ṣoṣo. Ojú tì mí, ó sì tún ń pa mí lẹ́rìn-ín, méjèèjì pa pọ̀.

Ó ní yàrá ti di tèmi, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe kọ ọ́. Ó ní kí n gbé àga òun wọlé, kí n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, níbi tí òun ti lè máa rí ohun tí ọwọ́ mi ń ṣe. Mo gbé e wọlé. Wáyà gbé ọkọ́ kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó lọ ṣí gbogbo fèrèsé ọkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ kí èéfín lè jáde.

Láràárọ̀ báyìí, ìró bàtà yẹn ni mo ń gbọ́ lórí àtẹ̀gùn kí amọ̀ mi tó rọ̀. Àgbá wà níta, àgbà wà nínú, èmi sì wà láàárín àwọn méjèèjì, mò ń ṣọ́ wọn kí wọ́n má bàa gbóná jù.